Ta ló yẹ kó ra àga ọmọ? Ìdáhùn sí Ìyá Ìbejì lórí lẹ́fì ọdún tuntun ní ilé-ìwé ìjọba l'Abuja

Ìbéèrè

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Primary 4 ní ilé-ìwé LEA (praímárì ìjọba) àdúgbò wa, ẹ̀gbọ́n wọn sì wọ JSS 1, ilé-ìwé ìjọba lòun náà wà. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé ni wọ́n ti di ìwé lé wọn lọ́wọ́: owó PTA (ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́), owó ìdàgbàsókè, owó ìdánwò, owó mẹ́gáàdì, owó tíṣà tí PTA gbà síṣẹ́, ìgbálẹ̀, tíṣù, àti àga oníke fún ọmọ tuntun. Ti ìbejì, ìlọ́po méjì ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹni tí kò bá san kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀fẹ́ nìyí? Níbo ni owó ìjọba ń gbà lọ? Bàbá wọn ní kí n san án kí n panu mọ́, tàbí ká kó wọn lọ sí ilé-ìwé aládàáni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá Ìbejì, Kubwa."

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Èyí tó ń ta yín lára jù ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Nínú gbogbo owó tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, kò sí ẹyọ kan tí òfin gbà kí wọ́n torí rẹ̀ lé ọmọ kúrò ní kíláàsì tàbí kí wọ́n dí i lọ́nà ìdánwò. Orí òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 ni mo gbé e lé. Ó ní kí gbogbo ìjọba ní Nàìjíríà pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó sì jẹ́ dandan, fún ọmọ praímárì àti ọmọ JSS. Ó fi ìyà tì í lẹ́yìn pẹ̀lú: ẹni tó bá gba owó lòdì sí òfin yìí lè san owó ìtanràn tí kò ju 10,000 náírà lọ, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, ó sì lè jẹ méjèèjì pọ̀. Owó gidi ni 10,000 náírà ní 2004. Lónìí, kò ra ìdajì àpò ìrẹsì, bóyá ìdí tí kò fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́ nìyẹn. Òfin náà tún ka àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ rí i pé àga wà níbẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti oúnjẹ sílẹ̀ ná, kí inú má baà bí wa kọjá bó ṣe yẹ.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé òfin orí ìwé lásán ni. Ó ní ìdí tí wọ́n fi máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Abala 18 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tó bá ṣeé ṣe, inú orí kejì tí a kò lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́ ló sì wà. Abẹ́ gbólóhùn "nígbà tó bá ṣeé ṣe" yẹn ni àwọn agbẹjọ́rò ìjọba sá sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti ìjọba àpapọ̀ l'Abuja níhìn-ín dájọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí òfin 2004 ti wà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti di ẹ̀tọ́ tí ọmọ lè gba ilé-ẹjọ́ lọ béèrè. Nítorí náà, ẹsẹ̀ yín wà lórí ilẹ̀ tó le.

Àmọ́ bí ẹ bá torí ìyẹn gba ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé lọ pẹ̀lú ariwo, ẹni tí kò jẹ yín lówó ni ẹ máa bá jà. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé LEA jókòó ti ìwé ìnáwó wọn. Àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn kò mọ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní owó kankan tí ìjọba gbé lé wọn lọ́wọ́ fún ṣọ́ọ̀kì, omi, bébà ìdánwò, tàbí àtúnṣe ilẹ̀kùn tí ìjì ṣí nù. Ọmọ 600 lè wà lábẹ́ ẹni tí kò ní owó tí yóò fi ra kọ́kọ́rọ́ tuntun. Ìdí rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe pín owó ilé-ìwé sí àpò oríṣiríṣi, tí olúkúlùkù àpò sì ní olówó tirẹ̀.

Àpò tó tóbi jù ni owó oṣù olùkọ́. Ní Abuja, ọrùn àwọn Area Council (káńsù) mẹ́fà ni owó oṣù àwọn olùkọ́ praímárì wà: AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Kubwa tiyín, abẹ́ Bwari ló wà. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ní Kubwa ló rò pé AMAC ni wọ́n. Lóṣooṣù, owó tó tọ́ sí àwọn káńsù láti àpò ìjọba àpapọ̀ máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sínú àkáùǹtì àjọní tí wọ́n ń pè ní JAAC. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù olùkọ́, owó ìfẹ̀yìntì, ti àwọn ọba, ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, kí ìyókù tó dé ọwọ́ alága. Ẹ bi àgbà òṣìṣẹ́ káńsù èyíkéyìí nípa ìparí àwọn ọdún 1990. Wọ́n á sọ fún yín nípa oṣù tí káńsù mìíràn kò rí kọ́bọ̀ gbà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó olùkọ́ tán. Láti ìgbà náà ni àwọn alága káńsù ti ń wo owó oṣù olùkọ́ bíi gbèsè tí ẹlòmíì jẹ tí wọ́n wá gbé kọ́ wọn lọ́rùn.

Ní oṣù keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà kúrò ní 30,000 náírà, ó di 70,000. Àwọn káńsù ní apá àwọn kò ká a. Ẹ̀yin náà mọ ibi tó já sí, torí ilé yín ni àwọn ìbejì jókòó sí: ní 2025, àwọn olùkọ́ praímárì Abuja daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta, títí tí ìjọba Abuja fúnra rẹ̀ fi dá sí ọ̀rọ̀ owó náà. Ti ẹ̀gbọ́n wọn tó wọ JSS yàtọ̀ sí ìyẹn. Àwọn olùkọ́ JSS kò sí lábẹ́ káńsù, ọ̀dọ̀ ìjọba Abuja ni owó wọn ti ń wá.

Ṣé lóòótọ́ ni owó kò sí? Níbi tí èmi àti àwọn káńsù ti ń yapa nìyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye náírà tí ìjọba ní gbogbo ipele ń pín lóṣooṣù ti fò sókè. Òótọ́ ni pé ọjà náà fò sókè. Síbẹ̀, káńsù tó ń rí owó tún iwájú ọ́fíìsì ṣe, tó ń ra ọkọ̀ tuntun, kò lè ní kí n gbà pé owó olùkọ́ nìkan ni kò sí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń náwó lé lórí ló yẹ ká máa bi wọ́n.

Àpò kejì ni ti ilé, àga, ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Ọ̀dọ̀ UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ni ti ibẹ̀ ti ń wá. Òfin 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ohun tí kò dín sí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́: ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìdajì owó iṣẹ́ náà kalẹ̀ láti àpò tirẹ̀. Abuja náà ń gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí kò bá rí ìdajì tirẹ̀ gbé kalẹ̀, owó ọ̀hún á kàn jókòó sí Abuja níhìn-ín tí ọmọ ń jókòó sórí ilẹ̀. Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa àpò yìí ni pé wọn kì í fi san owó oṣù, wọn kì í sì í fi ra ìgbálẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi lè rí bíláàkì kíláàsì tuntun tí wọ́n kùn ní àwọ̀ méjì nínú ọgbà ilé-ìwé kan náà tí olùkọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé yàtọ̀ sí ẹni tó ń gba olùkọ́.

Àwọn ìnáwó ojoojúmọ́ tó kù, bí omi, bébà, ìmọ́tótó, ààbò, àtúnṣe kékeré, kò sí ẹni tó ni wọ́n ní pàtó. Ìwé lè sọ pé UBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti Abuja, ló ni wọ́n tàbí káńsù, ṣùgbọ́n ohun tó ń dé ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé kò tó nǹkan, bó bá tilẹ̀ dé. Inú àlàfo yìí gan-an ni ìwé tí wọ́n fún àwọn ìbejì ti wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù kẹsàn-án ló máa ń le jù? Ọdún ilé-ìwé àti ọdún ìṣúná ìjọba kò jọ bẹ̀rẹ̀. Oṣù kìíní ni ti ìjọba ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí sí oṣù kejìlá. Ọmọ ń wọ kíláàsì tuntun ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọdún ìṣúná ti lọ. Ohun tí wọn kò bá ti tú owó rẹ̀ sílẹ̀ dìgbà náà, ṣàṣà ni wọ́n máa tú u mọ́. Ilé-ìwé wá ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun pẹ̀lú ìyókù owó ọdún tó ń kú lọ. Abuja tún ní àrùn tirẹ̀ lọ́tọ̀: a kò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bíi ti Ọ̀yọ́ tàbí Kwara. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ló ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná Abuja, àwọn tó sì wà níbẹ̀, ẹlòmíì láti Èkìtì, ẹlòmíì láti Borno, ọ̀rọ̀ dẹ́sìkì Kubwa kọ́ ló gbé wọn débẹ̀. Ti káńsù nìkan ni àwọn kánsẹ́lọ̀ àdúgbò yín ń dìbò lé lórí, wọ́n sì máa ń ṣe é lápá ìparí ọdún.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ìwé yín.

Àga oníke, ẹ má rà á. Òfin dárúkọ àga. Bí ẹ bá ti wá rà á kí ọmọ má baà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ (ta ló máa bá ìyá wí?), ẹ kọ orúkọ ọmọ sí i lábẹ́, kí ó sì máa bá a lọ láti kíláàsì dé kíláàsì títí yóò fi kúrò, torí mo ti rí ibi tí àwọn àga bẹ́ẹ̀ ti di ti yàrá ìpàdé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé síwájú PTA nìyí: ẹ lọ wo ẹ̀yìn bíláàkì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé LEA, òkìtì dẹ́sìkì tí irin rẹ̀ le dáadáa, tí pákó rẹ̀ nìkan ló jẹrà tàbí tó já, ń jìyà òjò níbẹ̀. Kápẹ́ńtà kan àti pákó díẹ̀ lè dá ogún rẹ̀ padà sí kíláàsì, owó rẹ̀ kò sì ní tó ti àga oníke ogún. Bàbá kan nínú PTA á mọ kápẹ́ńtà.

Owó ìdánwò ni mo ta kò jù lọ nínú gbogbo wọn, torí òun ni wọ́n fi ń halẹ̀. Mo mọ̀ pé bébà àti títẹ̀ ìbéèrè ń ná owó. Kí wọ́n sọ iye tí ojú ewé kan ń jẹ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ká jọ ṣe ìṣirò náà. Níbi tí àwọn òbí bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, iye náà sábà máa ń lọ sílẹ̀. Wọ́n sì lè kọ ìbéèrè sójú pátákó fún àwọn kíláàsì kan. Ojú pátákó ni àwa fi ṣe tiwa.

Owó ìdàgbàsókè, ẹ má san án títí wọn yóò fi sọ ohun tó fẹ́ mú dàgbà. Owó tí kò lórúkọ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ti mẹ́gáàdì yé mi. Ilé-ìwé tí kò ní ògiri, wọ́n á yọ páànù rẹ̀, wọ́n á yọ wíńdò, wọ́n á tú ẹ̀rọ borehole lọ lóru. Iṣẹ́ káńsù ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró dè wọ́n, òrùlé á ti lọ. Èmi á dá sí i.

Ti olùkọ́ tí PTA gbà síṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́. Olùkọ́ ń fẹ̀yìn tì, òmíràn ń kú, àwọn tí N-Power (ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń fún ọ̀dọ́ níṣẹ́) fi sí ilé-ìwé ti lọ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ètò náà dúró ní 2023, káńsù kò sì tètè ń gba ẹlòmíì rọ́pò. Ọ̀gá ilé-ìwé á wá wo kíláàsì méjì tí kò ní olùkọ́, á sáré bá PTA. Ọ̀dọ́mọdébìnrin àdúgbò kan tó ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ NCE á gbà á ní owó tí kò tó ti ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ẹ kò bá san án, ìbejì yín lè lo táàmù kan láìrí ẹni kọ́ wọn ní ìṣirò. Ẹ san án. Ṣùgbọ́n gbogbo olùkọ́ tí PTA bá ń san, àyè kan tó ṣófo nínú ìwé ìjọba ni. Bí òbí bá fi owó dí àyè náà láìkọ̀wé, lójú UBEB, kò sí àyè kankan tó ṣófo. Kíláàsì ń lọ, kí ni wọ́n fẹ́ gba ènìyàn fún? Èyí ló burú jù nínú gbogbo ètò lẹ́fì wa yìí. Ó ń bo ihò mọ́lẹ̀ lójú ẹni tó yẹ kó dí i. Ọjọ́ tí PTA bá gba olùkọ́ ni kí lẹ́tà jáde: kíláàsì báyìí kò ní olùkọ́ láti ọjọ́ báyìí, òbí ló ń san ẹni tó ń kọ́ wọn, a fẹ́ olùkọ́. Ẹ̀dà kan fún UBEB, ẹ̀dà kan fún ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní káńsù Bwari.

Ìgbálẹ̀ àti tíṣù, ẹ gbé e lọ. Kò tó nǹkan à ń jà sí.

Ní ti ìlọ́po méjì fún ìbejì: òbí ló ń jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ PTA, ọmọ kọ́, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló sì ń gba owó PTA lórí ìdílé kan. Ẹ béèrè ìwé òfin PTA ilé-ìwé yín, kí ẹ wo ohun tó sọ. Bó bá jẹ́ orí ìdílé ni, wọ́n jẹ yín ní ṣéńjì.

Ohun mìíràn tó lè dín ìnáwó yín kù: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde tó dín iye iṣẹ́ tí ọmọ ń kọ́ kù. Ó di 10 sí 12 ní Primary 4 sí 6, ó sì di 12 sí 14 ní JSS. Àtòjọ ìwé tí wọ́n fún ọmọ aládùúgbò yín ní èṣín lè ti di ohun àtijọ́. Ẹ má tí ì ra ìwé kankan fún ọmọ JSS yẹn títí olùkọ́ rẹ̀ yóò fi sọ èyí tó kù. Àwọn ìwé kan sì wà tí UBEC ń pín fún ilé-ìwé, ti Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò wà fún títà. Bí ẹ bá rí i ní ọjà Kubwa, ẹ mọ ibi tó ti wá. Ẹ ní kí ọ̀gá ilé-ìwé ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ rí iye tó wà níbẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n tì wọ́n pa mọ́ kí ọmọ má baà ya wọ́n.

Bí ẹ bá lọ sí ìpàdé, ẹ máa gbọ́ pé àwọn ọmọ Suleja àti Madalla ló kún kíláàsì. Ní apá Nyanya àti Karu, ti Mararaba ni wọ́n ń dárúkọ. Òótọ́ wà ńbẹ̀: ènìyàn ń gbé ní ìpínlẹ̀ Niger tàbí Nasarawa, ó ń ṣiṣẹ́ l'Abuja, ó sì ń mú ọmọ bọ̀ wá sí ilé-ìwé Abuja. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìpàdé yín parí sórí ìyẹn. Bí wọ́n bá lé gbogbo wọn lọ lọ́la, dẹ́sìkì tó já kò ní tò ara rẹ̀ padà.

Ibi tí agbára òbí wà ju PTA lọ ni SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé, aṣojú ọba, aṣojú òbí, àwọn obìnrin, àwọn tó jáde níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé pàápàá ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Òun ló yẹ kó ṣe ètò ìdàgbàsókè ilé-ìwé, kó sì mọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, orúkọ lásán ni, tàbí kó jẹ́ ènìyàn méjì ló ń fọwọ́ síwèé fún gbogbo ìyókù. Ẹ béèrè pé ta ni wọ́n, ìgbà wo ni wọ́n ṣe ìpàdé gbẹ̀yìn. Bí kò bá sí obìnrin níbẹ̀, ẹ ti rí àyè yín.

Ẹ sì lè kọ̀wé béèrè. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011 fún yín láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba láìsọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, wọ́n sì ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ẹ má kọ ìwé gígùn. Ìbéèrè méjì tó: olùkọ́ mélòó ló yẹ kó wà ní ilé-ìwé yìí, mélòó ló wà? Èló ni wọ́n fi sí ètò ìṣúná ọdún yìí fún ilé-ìwé yìí, èló ni wọ́n ti tú sílẹ̀? Ìbéèrè kejì yẹn ni wọn kì í fẹ́ rí. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú ètò ìṣúná, ọ̀tọ̀ ni. Ohun tó kúrò ní báńkì, ọ̀tọ̀ ni.

Àkókò tó dára jù fún un ni ìgbà tí ìdìbò káńsù bá ń bọ̀, àti oṣù tí wọ́n ń kọ ètò ìṣúná. Fún ọdún 2026, 21 February ni INEC fi ìdìbò àwọn káńsù Abuja sí. Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́lé, kánsẹ́lọ̀ tí ẹ kò rí láti ọdún mẹ́rin á máa kí yín ní Yorùbá, kódà bó jẹ́ Gbagyi ni. Lápá ìparí ọdún sì ni wọ́n ń kọ ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Òbí ogún tó bá lọ bá a pẹ̀lú orúkọ ilé-ìwé kan, iye olùkọ́ tó ṣófo àti iye dẹ́sìkì tó já, yóò fún un ní ohun tó lè gbé wọ yàrá ìpàdé káńsù. Àwa Yorùbá Kubwa mọ bí a ṣe ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú lóṣooṣù, a sì mọ bí a ṣe ń dá owó aṣọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ara ohun tí wọ́n máa jíròrò, kí ẹ sì pe àwọn òbí Hausa, Gbagyi àti Igbo mọ́ ọn, torí kíláàsì kan náà ni àwọn ọmọ jọ há sí.

Ní ti ilé-ìwé aládàáni tí bàbá wọn sọ, n kò ní bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ jọ ṣe ìṣirò náà fún ọdún mẹ́ta, kì í ṣe fún táàmù kan. Lẹ́fì wà níbẹ̀ náà, òfin ọ̀fẹ́ kò sì bo yín níbẹ̀. Àwọn tó wà láàárín àdúgbò tí owó wọn kò ga, ọ̀pọ̀ olùkọ́ wọn kò ní NCE, bẹ́ẹ̀ ó kéré tán ìyẹn ni ìjọba ní kí olùkọ́ ní. Ohun tí wọ́n fi ju LEA lọ ni pé wọn kì í daṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ kì í sì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Ẹ fi ọmọ JSS yẹn sílẹ̀ níbi tó wà. Fún ìbejì, kí ẹ tó pinnu, ẹ gbé ìwé Primary 3 lé wọn lọ́wọ́ lálẹ́ òní, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ka ojú ewé kan fún yín, kí ó sì sọ ohun tó kà. Oṣù mẹ́ta ti sọnù lọ́wọ́ wọn, kò sì sí ẹni tó dá a padà. Bí wọn kò bá lè kà á, ẹ wá olùkọ́ lẹ́sìnnì fún wọn ní ọ̀sán. Yóò wúlò ju yunifọ́ọ̀mù tuntun lọ, yóò sì dínwó jù ú lọ. Bí wọ́n bá kà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀.

Kí ẹ sì ti máa fi nǹkan pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n wọn. JSS 3 ni òfin ọ̀fẹ́ dúró sí. Ní SS 1, ọ́fíìsì mìíràn ni wọ́n á wà lábẹ́ rẹ̀, owó tí wọ́n bá sì béèrè nígbà náà, òfin 2004 kò ní lè gbà yín.

Nítorí náà, ẹ sọ fún bàbá wọn pé ẹ ó san ti olùkọ́ PTA àti ti mẹ́gáàdì, lẹ́ẹ̀kan fún ìdílé, ẹ ó sì gba rìsíìtì tó ní òǹtẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà kúkúrú tì í lẹ́yìn sí ọ̀gá ilé-ìwé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ìyókù ń dúró de àlàyé ní ìpàdé, àti pé òfin kò gbà kí wọ́n torí rẹ̀ dí ọmọ lọ́nà ìdánwò. Ẹ ní kí ó fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Bí wọ́n bá ṣì dá àwọn ìbejì padà lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ má lọ sílé. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà yẹn, kí ẹ sì mú àwọn méjèèjì nínú yunifọ́ọ̀mù wọn lọ sí ọ́fíìsì UBEB láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó jáde fún oúnjẹ ọ̀sán.